Fúùgù tó sáré ju ọwọ́ wọn lọ: àkọsílẹ̀ nípa ọ̀dọ́ olórin mẹ́rin ní ìdíje àgbáyé

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n, obìnrin méjì àti ọkùnrin méjì. Kò sí ẹni tó tíì pé ọmọ ọdún 26 nínú wọn, ilé ẹ̀kọ́ orin kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n sì ti pàdé. Fayolíìnì méjì, fíólà kan tó tóbi díẹ̀ ju fayolíìnì lọ, ṣẹ́lò ńlá kan tí wọ́n ń jókòó ta: àkójọ yìí ni àwọn olórin ń pè ní kọtẹ́ẹ̀tì. Kò sí olùdarí tó ń ju ọwọ́ níwájú wọn. Ohun tí ẹnì kan bá ṣe, etí àwọn mẹ́ta yòókù ló máa kọ́kọ́ gbọ́ ọ, àwọn náà ló sì máa kọ́kọ́ dáhùn.

Ọdún kejì tí wọ́n ti ń ta orin pọ̀ ló ń lọ nígbà tí lẹ́tà dé pé ìdíje àgbáyé kan ní ilẹ̀ Yúróòpù ti gbà wọ́n wọlé lórí fídíò tí wọ́n fi ránṣẹ́. Mo fi orúkọ wọn àti ti ìdíje náà pamọ́, nítorí àdéhùn tí a jọ ṣe nìyẹn kí n tó kọ ohunkóhun. Fíólà ni èmi náà ń ta. Wọ́n máa ń pè mí wá jókòó sí igun yàrá nígbà ìdánrawò, kí n lè sọ ohun tí etí ẹni tí kò sí láàárín wọn ń gbọ́. Ohun tí mo rí níbẹ̀ wúlò fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ ọ̀dọ́ ní irú orin yìí, ì báà jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní ilé ẹ̀kọ́ orin MUSON ní Oníkàn, l'Ékòó.

Kò sí owó oṣù nínú iṣẹ́ kọtẹ́ẹ̀tì. Ọ́kẹ́sírà ńlá máa ń gba èèyàn síṣẹ́, ṣùgbọ́n kọtẹ́ẹ̀tì ní láti dúró de ẹni tí yóò pè é, kò sì sí ẹni tó ń pe ẹni tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí ìdíje fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Kọtẹ́ẹ̀tì Takács, tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, àwọn ọ̀dọ́ láti ìlú Budapest ni wọ́n nígbà tí wọ́n gba ipò kìíní ní Évian, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1977. Láti 1983 ni ìdíje Banff ti ń wáyé ní Kánádà, ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n sì ń ṣe é. Kọtẹ́ẹ̀tì mẹ́wàá ni wọ́n ń gbà wọlé níbẹ̀, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ kéré sí ọmọ ọdún 35. Ti Lọ́ńdọ̀nù, tó ń wáyé ní gbọ̀ngàn Wigmore, ìlú Portsmouth ni Yehudi Menuhin, gbajúmọ̀ onífayolíìnì, ti dá a sílẹ̀ ní 1979. Àwọn adájọ́ ibi wọ̀nyí kì í ṣe ẹni tí ń fi ẹ̀yẹ tọrẹ. Ní Reggio Emilia, nílẹ̀ Ítálì, níbi ìdíje tí wọ́n fi sọrí Paolo Borciani, ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní ipò kìíní.

Àwọn mẹ́rin yìí mọ gbogbo èyí. Ó sì ti wọ̀ wọ́n lára jù.

Oṣù mélòó kan ṣáájú ìdíje ni wọ́n ti ní láti kọ orúkọ orin tí wọ́n máa ta ránṣẹ́. Tí wọ́n bá ti fi ránṣẹ́, kò sí àyípadà mọ́. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ kọ ni op. 131 ti Beethoven (op. ni nọ́ńbà tí wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ ẹni tó kọ orin), orin alábala méje tí wọ́n ń ta láìdúró rárá fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú. Ó wù wọ́n nítorí pé ó ń ba èèyàn lẹ́rù. Olùkọ́ wọn, ìyá àgbà tó ti fi èyí tó pọ̀ jù nínú ayé rẹ̀ ta kọtẹ́ẹ̀tì, kò bá wọn jiyàn. Ó kàn ní kí onífayolíìnì kejì fi ẹnu kọ ohùn fíólà láti ìbẹ̀rẹ̀ abala kẹrin, láì wo ìwé. Kò lè kọ ọ́. Ó yíjú sí oníṣẹ́lò pé kí ó kọ ti fayolíìnì kejì. Òun náà kò lè kọ ọ́. "Ẹnì kọ̀ọ̀kan yín mọ ti ara rẹ̀," ni ìyá náà sọ. "Ẹ kò tíì mọ orin náà."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti yọ op. 131 kúrò, tí wọ́n sì fi op. 59, nọ́ńbà 3, rọ́pò rẹ̀, ọ̀kan nínú mẹ́ta tí Beethoven kọ ní 1806 fún Razumovsky, aṣojú ìjọba Rọ́ṣíà ní Vienna. Wọ́n fi op. 76, nọ́ńbà 3, ti Haydn kún un, àti kọtẹ́ẹ̀tì kẹrin ti Bartók, èyí tó kọ ní 1928. Ìdíje fúnra rẹ̀ ló máa fi orin tuntun kan kún wọn, èyí tí gbogbo àwọn tó ń díje máa gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ní tèmi, ọjọ́ yẹn ni nǹkan rere àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ sí wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú wọn le nígbà tí wọ́n ń jáde kúrò ní yàrá.

Wàhálà àkọ́kọ́ wá láti inú Haydn. Inú ohùn C ni orin náà wà, ti Beethoven náà sì wà níbẹ̀, nítorí náà ohun tó bá bàjẹ́ nínú ọ̀kan máa bàjẹ́ nínú èkejì. Nígbà tí wọ́n bá dé orí kọ́ọ̀dù C, ìyẹn ohùn mélòó kan tó ń dún papọ̀, tó yẹ kó mọ́ bí omi òjò, ohun kan ń ha etí níbẹ̀. Wọ́n fi wákàtí kún wákàtí ìdánrawò. Ó burú sí i, ọwọ́ onífayolíìnì kejì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó ní ọrùn ọwọ́ débi pé ó ní láti sinmi. Wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ohùn síwájú ìwé orin, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan máa wo iná rẹ̀. Iná gbogbo wọn ń tàn pé wọ́n tọ̀nà, kọ́ọ̀dù náà sì ṣì korò. Ọ̀rọ̀ wá di tìrẹ ni, kì í ṣe tèmi.

Kò sí ẹni tó jẹ̀bi nínú wọn. Ẹni tó bá ti kọrin nínú kúáyà ṣọ́ọ̀ṣì mọ dò, mí, sò. Okùn tó nípọn jù lára ṣẹ́lò ń dún C, èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lára fayolíìnì ń dún E. Tí a bá ń gòkè láti ọ̀kan dé èkejì, C sí G, G sí D, D sí A, A sí E, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ dò sí sò, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn olórin yìí ṣe ń tún okùn wọn ṣe, tí wọ́n ń tẹ́tí títí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi máa mọ́ láìsí ìgbọ̀n. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ìgbésẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá mọ́ bẹ́ẹ̀, E tí a máa bá lókè ga ju mí tí C ń fẹ́ lọ, pẹ̀lú nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìdajì ohùn. Ìṣirò ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni: tí a bá fi ìyára ìgbọ̀nrìrì okùn ṣe ìwọ̀n, tí a sì sọ E náà kalẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ C, ìgbésẹ̀ mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ń gbé wa dé 81 sí 64, mí tó dùn sì jẹ́ 80 sí 64. Ẹ̀rọ kò lè gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí ọgbọọgba ni ó pín ohùn méjìlá sí. Mí tirẹ̀ náà ga ju èyí tó dùn lọ. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ń ṣe ohun tí iná ẹ̀rọ sọ, wọ́n sì ń fi etí sílẹ̀.

Olùkọ́ wọn ló tú u. Ó ní kí oníṣẹ́lò àti onífíólà fún àwọn ìgbésẹ̀ náà pọ̀ díẹ̀, kí C wọn gòkè bíńtín, ìwọ̀nba tí etí á fi ṣì gbà á. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n máa kọ́ kọ́ọ̀dù láti ìsàlẹ̀: ṣẹ́lò á kọ́kọ́ fi dò lélẹ̀, ẹni tó ni sò á wọlé, ẹni tó ni mí á sì wọlé kẹ́yìn, kí ó dún jẹ́jẹ́, kí ó wá ibi tí ohùn náà ti dákẹ́ jẹ́ẹ́. Kí onífayolíìnì má sì fi okùn E lásán ta á níbi tó bá ti jẹ́ mí, kí ó fi ìka tẹ̀ ẹ́ lórí okùn A kó lè sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe èyí, bíi kí ẹnu yà ẹ́ pé ẹni tó ń lọ sí ìdíje àgbáyé ń ta kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ní gbogbo òwúrọ̀. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sójú. Yàrá náà dún bí ẹni pé àwọn tó ń ta á pọ̀ ju mẹ́rin lọ. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀. Wọ́n tún un ta, ó tún bọ́ sójú.

Ìyípadà kejì kò ti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kankan wá. Ibà ló dá onífayolíìnì kìíní dùbúlẹ̀, àwọn mẹ́ta yòókù sì pinnu pé àwọn kò ní pàdánù àyè tí wọ́n ti sanwó yàrá fún. Wọ́n ta Haydn láìsí òun.

Abala kejì orin náà ni gbogbo ayé mọ̀. Haydn ti kọ ohùn rẹ̀ ní 1797 fún olú ọba Franz ní Vienna, ohùn náà sì ni orin orílẹ̀-èdè Jámánì lónìí. Lẹ́yìn tó ti fi ohùn náà hàn, ó gbé e fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní tẹ̀ léra-tẹ̀ léra: fayolíìnì kejì ni ó kọ́kọ́ fún, tí fayolíìnì kìíní ń fi ọnà yí i ká, àwọn méjì yìí nìkan. Lẹ́yìn náà, ṣẹ́lò. Lẹ́yìn náà, fíólà. Ẹ̀yìn gbogbo wọn ló tó padà sọ́dọ̀ fayolíìnì kìíní. Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ pé nígbà tó bá kan onífayolíìnì kejì, ó ń ta ohùn náà bí ẹni tó ń tọrọ àyè. Ó ń dúró kí ọnà ẹnì kejì rẹ̀ kọjá kó tó gbé ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ tí ẹnì kejì kò sí, kò sí ohun tó ń dúró dè. Ó ta ohùn náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin pẹ̀lú èémí ara rẹ̀, ó gùn níbi tó fẹ́, ó dín kù níbi tó fẹ́. Àwọn méjì tó jókòó tì í, tí kò ní nóòtì kankan láti ta níbẹ̀, ń wò ó bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pàdé rẹ̀.

Wọ́n gba ohùn ìdánrawò ọjọ́ náà sílẹ̀ lórí fóònù, wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tó wà lórí ibùsùn. Nígbà tó padà, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun tẹ̀ lé e, kí òun má darí. Ẹni tó bá mọ dùndún mọ̀ pé bí omele bá dákẹ́, ọ̀rọ̀ tí ìyáàlù ń sọ kò rí ibi tó máa dúró lé. Ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ nìyẹn. Láti ìgbà náà, ìdánrawò kan láàárín ọ̀sẹ̀ jẹ́ ti àwọn mẹ́ta, láìsí fayolíìnì kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ ti yá.

Báyìí ni wọ́n ṣe dé ìdíje. Kò sí ẹni tó lè sọ pé wọn kò gbáradì.

Kèké tí wọ́n ṣẹ́ fi wọ́n ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó máa ta orin lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, àkókò tí kò sẹ́ni tó ń fẹ́ ẹ, nítorí etí àwọn èèyàn kò tíì jí dáadáa. Wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àyè díẹ̀ láti gbọ́ bí gbọ̀ngàn náà ṣe ń dáhùn. Gbọ̀ngàn gbígbẹ ni, kì í fa ohùn gùn. Wọ́n fi àyè náà ta kọ́ọ̀dù C láti ìsàlẹ̀, wọ́n sì jáde. Haydn lọ dáadáa, ó ju dáadáa lọ. Nínú Bartók, abala kejì wà tí gbogbo wọn fi ohun tó ń dín ohùn kù dí okùn lẹ́nu, abala kẹrin sì wà tí wọn kò lo ọ̀pá fayolíìnì rárá, ìka nìkan ni wọ́n fi ń ta á, àwọn nóòtì kan sì wà tí wọ́n ní láti fà débi tí okùn á fi padà lu igi. Gbọ̀ngàn gbígbẹ dára fún irú èyí. Wọ́n bọ́ sí ìpele tó kàn, pẹ̀lú orin tuntun tí mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀: wọ́n ta á bó ṣe wà nínú ìwé, ó sì tó.

Ìpele tó kángun sí àṣekágbá ni ọ̀rọ̀ wà. Beethoven ni wọ́n ní láti ta.

Nínú abala kejì orin yìí, ṣẹ́lò ń fi ìka fa okùn lábẹ́, tó-tó-tó, àwọn yòókù sì ń rìn lórí rẹ̀ bí ẹni tó sọ nǹkan nù tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀. Mo jókòó láàárín èrò, mi ò sì tíì gbọ́ kí wọ́n ta á bẹ́ẹ̀ rí. Abala kẹta tẹ̀ lé e, mìnúẹ́ẹ̀tì, irú orin ijó àtijọ́ kan, tó rọra ń lọ, ìrù rẹ̀ sì so mọ́ abala tó kẹ́yìn láìsí ìdúró. Fúùgù ni abala tó kẹ́yìn yìí, irú orin tí ẹnì kan ń bẹ̀rẹ̀, tí àwọn yòókù á sì máa wọlé tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ohùn kan náà. Fíólà nìkan ló máa bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kó tó kan fayolíìnì kejì, kó tó kan ṣẹ́lò, kó tó wá kan fayolíìnì kìíní. Ìrìn tí fíólà bá mú ni gbogbo ilé máa rìn. Beethoven fúnra rẹ̀ fi 84 sí i, ìyẹn ìró 84 ní ìṣẹ́jú kan lórí mẹ́tírónóòmù, ẹ̀rọ tó ń ka ìrìn orin, báà kan (ìpín kékeré kan nínú orin) fún ìró kọ̀ọ̀kan, èyí tó yára gan-an. Àwọn mẹ́rin yìí ti fohùn ṣọ̀kan sórí 76, torí níbẹ̀ ni gbogbo nóòtì ti ń jáde kedere.

Onífíólà bẹ̀rẹ̀, ó sì ju 76 lọ. Ó ju 84 pàápàá lọ díẹ̀, gẹ́gẹ́ bí fídíò ṣe fi hàn nígbà tí a wọ̀n ọ́n lẹ́yìn náà. Fayolíìnì kejì wọlé, kò ní ibòmíràn láti lọ, ó tẹ̀ lé e. Ṣẹ́lò, tí okùn rẹ̀ nípọn tí ó sì ń pẹ́ kó tó dáhùn, bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ nóòtì mọ́nu. Láàárín fúùgù náà, ibì kan wà tí èmi tí mo mọ orin náà kò mọ ibi tí wọ́n wà mọ́. Wọ́n parí rẹ̀ papọ̀, èrò sì pàtẹ́wọ́ tagbára-tagbára, nítorí pé eré sísá máa ń dùn ún wò. Àwọn adájọ́ kò pè wọ́n sí àṣekágbá.

Kí ló fà á? Ìdáhùn àkọ́kọ́ ni ẹ̀rù, òtítọ́ sì ni, ṣùgbọ́n kò kọ́ni ní nǹkan kan. Nígbà tí a jókòó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ohun méjì jáde. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lára ògiri yàrá tí wọ́n ti ń múra, tó ń gbé ohùn orí ìtàgé wá. Wọ́n gbọ́ báwọn èèyàn ṣe hó fún ẹgbẹ́ tó ṣáájú wọn. Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ní ìṣẹ́jú tó ṣẹ́kù, ọ̀kan nínú wọn sọ pé kí àwọn fi iná díẹ̀ sí fúùgù náà, àwọn yòókù sì mi orí. Ìpinnu tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù ṣe, orí mímì ló tú u ká.

Ohun kejì jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, òun ni mo sì fẹ́ kí àwọn olùkọ́ mú. Nígbà ìdánrawò, wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ fúùgù láti orí nóòtì rẹ̀ àkọ́kọ́. Wọ́n á tan mẹ́tírónóòmù, wọ́n á gbọ́ 76, onífíólà á bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ìtàgé, kò sí mẹ́tírónóòmù. Inú ìrù mìnúẹ́ẹ̀tì ni ó ti ń jáde bọ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kó ti fi ara mú ìrìn tuntun. Ìsopọ̀ yẹn, báà díẹ̀ péré, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ta á rí. Wọ́n mọ abala méjèèjì, wọn kò mọ afárá tó wà láàárín wọn. Onífíólà kò ní ohun tó lè dì mú, àyà rẹ̀ tó ń lù ló sì fi ṣe ìwọ̀n. Mi ò lè dá a lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n bá fi òun nìkan sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí kò rìn rí, yóò sáré.

Ọ̀kan nínú àwọn adájọ́ gbà láti bá wọn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn èsì. Ó sọ fún wọn pé nínú abala kejì òun gbé kálàmù òun sílẹ̀, pé òun kàn ń gbọ́ orin. Ó ní nígbà tí fúùgù bẹ̀rẹ̀, òun tún gbé e. Onífayolíìnì kejì sunkún, kì í ṣe nítorí ìjákulẹ̀ nìkan. Ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wá ti wà lọ́wọ́ wọn fún ìṣẹ́jú mélòó kan, níwájú àwọn àjèjì.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn adájọ́ máa ń gbọ́ ohun kan náà. Ní Banff lọ́dún 2019, kọtẹ́ẹ̀tì méjì, Marmen àti Viano, ni wọ́n jọ fún ní ipò kìíní. Ó ṣeé ṣe kí ìgbìmọ̀ mìíràn dárí ji fúùgù náà. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ yìí kò sá sábẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ohun tí wọ́n ṣe nígbà tí wọ́n padà sí Lọ́ńdọ̀nù ni pé wọ́n gbé gbogbo ìsopọ̀ inú orin wọn jáde: òpin abala sí ìbẹ̀rẹ̀ èyí tó kàn, ibi tí ìrìn ti ń yí padà, ibi tí ẹnì kan ti ń gba ohùn lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Wọ́n ń fi ìwọ̀nyí ṣe ìdánrawò fúnra wọn, láìta ohun tó wà láàárín. Onífíólà wá rí i pé bí òun bá ń fi ẹnu kọ báà méjì àkọ́kọ́ fúùgù nínú ara nígbà tí mìnúẹ́ẹ̀tì ń parí lọ, ìrìn náà á ti dúró kó tó gbé ọ̀pá sórí okùn. Wọ́n sì ṣe òfin kan: láti ìgbà tí wọ́n bá ti wọ ẹ̀wù orí ìtàgé, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dá àbá kankan nípa orin. Wọ́n lè sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé Beethoven kan náà lọ sí ìdíje kékeré mìíràn, wọ́n dé àṣekágbá, wọ́n sì gba ipò kẹta. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni onífayolíìnì kejì gba iṣẹ́ ní ọ́kẹ́sírà kan, nítorí owó ilé. Bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó bínú sí i. Ẹni tuntun wá. Ìgbà náà ni wọ́n mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ti kọ sílẹ̀: ta ló ń sọ mí kalẹ̀ ní kọ́ọ̀dù wo, èémí ta ni wọ́n ń tẹ̀ lé níbo, C ṣẹ́lò gòkè tó mélòó. Ìwọ̀nba tí pẹ́ńsùlù ti fi sínú ìwé fayolíìnì kejì nìkan ló kù. Ìyókù bá ẹni tó lọ lọ. Nígbà tí mo lọ bá wọn jókòó kẹ́yìn, Haydn ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́ta nìkan, onífayolíìnì kìíní sì jókòó sí ọ̀dọ̀ mi ní igun yàrá, ó di pẹ́ńsùlù mú, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.